"Can", "may" àbí "might"? Bí a ṣe ń kọ ìkìlọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè: Oògùn oko ni mo ń tà ní Ọ̀mù-Àrán. Àwọn Tiv tó ń ra ọjà lọ́wọ́ mi ò gbọ́ Yorùbá, ìyẹn ni mo ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìkìlọ̀ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù: "If you will spray when breeze is blowing, it can affect your neighbour's farm. The more you add, the more it is dangerous." Ọmọ mi tó ń múra WAEC ní àṣìṣe wà níbẹ̀, pé "can" yẹn gan-an ló burú jù. Ṣé òótọ́ ni? Ìgbà wo ni "can" yẹ, ìgbà wo ni "may" tàbí "might"?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o. "Can" yín ò ṣẹ̀ rárá. "Will" àti gbólóhùn kejì ló fẹ́ àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ ká ti orí "will" bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn "if", a kì í fi "will" sí ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe, kódà bó jẹ́ ọ̀la là ń sọ: "If you spray" ni. Apá kejì gbólóhùn, níbi tí àbájáde wà, ni "will", "may" tàbí "could" ń gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún "when", "unless" àti "until". Bẹ́ ẹ bá gbọ́ "If you will wait a moment" lẹ́nu òṣìṣẹ́ báńkì, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ níbẹ̀.

Ní ti "can", "lè" tiwa ló ń da nǹkan rú, torí iṣẹ́ gbogbo wọn ló ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ń lo "can" fún ohun tó jẹ́ ìwà nǹkan, tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà míì: oògùn tí atẹ́gùn gbé máa ń ba oko ẹlòmíì jẹ́, ìdí nìyí tí tiyín fi tọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó tó ń bọ̀, "can" ò wọlé mọ́. Bójú ọ̀run bá ṣú lápá Àjàṣẹ́, ẹ ò ní sọ pé "It can rain this evening". "It may rain", "it might rain" tàbí "it could rain" ni. Àwọn tíṣà a máa sọ pé "might" ò dájú tó "may". Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ni èdè, ìyàtọ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹ má jẹ́ kó gba oorun lójú yín.

Ibi tó ti léwu ni ìgbà tí "not" bá dé. "It may not work" ni pé ó ṣeé ṣe kó má ṣiṣẹ́. "It cannot work" ni pé kò lè ṣiṣẹ́ láéláé. Bẹ́ ẹ bá ń kìlọ̀ nípa òjò tó rọ̀ kété lẹ́yìn tí wọ́n fín oògùn, "may not" lẹ fẹ́. Bẹ́ ẹ bá kọ "cannot", oníbàárà á gbowó rẹ̀ padà sápò.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tó tẹ̀ lé "can", "may" tàbí "might" kì í gba "s", kì í sì í gba "to": "it may affect", kì í ṣe "it may affects". "Máa lè" wa ló ń bí "will can". "Will be able to" ni wọ́n ń sọ. "Maybe" tá a so pọ̀ ni bóyá, "may be" tá a yà sọ́tọ̀ ni lè jẹ́.

Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn ike tó ń ti òkè òkun wá. Ètò GHS ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló to ọ̀pọ̀ gbólóhùn ewu tó wà níbẹ̀, wọn kì í kàn kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. "Fatal if swallowed" ni H300: ẹni tó bá gbé e mì, ikú ni, kò sí "may" níbẹ̀. H302 ni "Harmful if swallowed". Ó di H303 kí "may" tó yọjú: "May be harmful if swallowed". Ti awọ ara náà ńkọ́? "Causes skin irritation" ni H315, ṣùgbọ́n "May cause an allergic skin reaction" ni H317, torí kì í ṣe ara gbogbo èèyàn ló ń kọ ohun kan náà. Nítorí náà, bí ike bá sọ pé "Fatal", ẹ má lọ fi "may" rọ̀ ọ́ lórí ògiri.

Gbólóhùn kejì yín, Yorùbá ló wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. "More" ò gbọdọ̀ já "dangerous" sílẹ̀ sẹ́yìn; àwọn méjèèjì ló jọ ń wá síwájú: "The more you add, the more dangerous it is." Ọ̀rọ̀ kúkúrú ń gba "-er" dípò "more": "the stronger the wind". Ẹni tó bá kọ "more stronger" tàbí "more better", máàkì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. "Bad" di "worse", "far" di "farther". Apá àkọ́kọ́ níbí náà kì í gba "will", àbájáde nìkan ló ń gbé "may": "The longer you wait, the harder it may be to kill the weeds."

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ewu wé ewu, "more likely to" ló yá jù: "Young maize is more likely to die than old maize."

Èyí wà fún ọmọ yín, kò kan ògiri: "The chemical may have killed the maize" ni pé a ò tíì mọ̀, kẹ́nì kan lọ wò ó. "Could have killed the maize" tún lè jẹ́ pé díẹ̀ ló kù, àgbàdo ṣì dúró.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Do not spray when it is windy. The stronger the wind, the farther the chemical may drift, and it could kill your neighbour's crops. If you add more than the label says, you will waste money and may damage your own crop."

Mo yọ "breeze" kúrò, torí atẹ́gùn jẹ́jẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi í pè. Mo lo "will" fún owó nítorí ìyẹn dájú. Ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ fífín kọ́ ẹ̀yìn kì í dúró ka ìyókù.