Ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ kì í ṣe àrùn: ẹ má yáwó ra bàtà ìsáré

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ẹni ogójì ọdún ni mí, mo fẹ́ máa sáré láàárọ̀ kí ara mi lè fúyẹ́. Oníbàtà kan ní kí n fi ẹsẹ̀ tútù tẹ páálí. Ó ní gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló hàn, pé flat foot, ìyẹn ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ, ni, pé bí n kò bá ra bàtà àkànṣe ₦95,000 àti ìtẹ́bàtà ₦40,000, orúnkún mi á bàjẹ́. ₦30,000 ni mo ní. Ṣé kí n yáwó ni, àbí kí n pa eré tì? (Ìyá Ìbejì, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Físíò ni mí o, ẹni tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan, n kì í ṣe dókítà. Ẹ má yáwó, ẹ má sì pa eré tì.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú bí ohùn mi bá le. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí, àwọn tó ń fi páálí tútù dẹ́rù ba èèyàn ni. Ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ kì í ṣe àrùn. Bí àwọn kan ṣe ga tí àwọn kan kúrú, bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn jìn, ti ẹlòmíràn ò sì jìn. Ọmọ kékeré, ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ ni púpọ̀ nínú wọn ní (ẹ̀yin òbí tó ń wá bàtà onírin fún ọmọ ọdún méjì, ẹ rọra).

Ibi tí awọ ara ti kan ilẹ̀ nígbà tí ẹ dúró jẹ́ẹ́ ni páálí yẹn fi hàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fọwọ́ kan ògiri, ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wò yín láti ẹ̀yìn. Bí abẹ́ ẹsẹ̀ bá gbé sókè tí ihò sì yọ, tí gìgísẹ̀ yí díẹ̀ sínú, ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ ṣe rí.

Wọ́n sì ti dán ọ̀rọ̀ oníbàtà yẹn wò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ológun sọ́nà méjì: wọ́n fún apá kan ní bàtà tó bá bí abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ṣe jìn tó mu, wọ́n sì fún apá kejì ní irú bàtà kan ṣoṣo láìwo ti ẹsẹ̀. Ológun orí ilẹ̀, ti òfuurufú àti Marine (ológun tó ń ti ojú omi wọ ilẹ̀ jà) ni wọ́n fi ṣe é, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009 àti 2010. Bàtà tí wọ́n ṣà fún ẹsẹ̀ kò dín ìpalára kù lọ́nà tó ṣe é tọ́ka sí. Ní Denmark, èèyàn 927 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sáré ló wọ bàtà kan náà, tí kò ní àtìlẹ́yìn àkànṣe kankan, fún ọdún kan. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀ sínú, èyí tí àwọn oníbàtà ń pè ní pronation, kò fara pa ju àwọn yòókù lọ.

Ìwàǹwára ló sábà máa ń ba orúnkún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ́. Ẹ sáré ìṣẹ́jú kan, ẹ rin méjì, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ó tó.

N kò sọ pé ìtẹ́bàtà ò wúlò o. A máa ń fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹ̀yin kò sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn yín.

Ó ku ti ₦30,000. Lójú tèmi, òkìrìkà tó dáa sàn ju ayédèrú tuntun lọ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ bàtà náà: kó wọlé díẹ̀, kó sì padà. Bó bá le gbagidi, tàbí tó ti hunjọ káàkiri, ó ti kú. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bó bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti tẹ̀ ẹ́ sí bí òun ṣe ń rìn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fa etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò bóyá gọ́ọ̀mù ti ń ṣí, torí àwọn mìíràn ti pẹ́ nínú bélì débi pé ọjọ́ kejì ni ìsàlẹ̀ á já.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ sì mú ìbọ̀sẹ̀ dání. Kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ wà níwájú ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù. Bí ti obìnrin bá há yín, ẹ wọ ti ọkùnrin wò, ó sábà máa ń fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ rìn, ẹ sáré díẹ̀ níwájú ìsọ̀. Bí ọlọ́jà bá ń pariwo, ẹ jẹ́ kó pariwo. Bó bá ní "á fẹ̀ sí i tó bá yá", ẹ dá a padà fún un. Bàtà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ rà.

N kò fojú rí ẹsẹ̀ yín ṣá o. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń dùn yín tàbí tó wú ní ẹ̀gbẹ́ inú ọrùn ẹsẹ̀, bí ihò ò bá yọ rárá nígbà tí ẹ gbé gìgísẹ̀, tàbí bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tí àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń kú tipiri, ẹ má tíì sáré. Ẹ lọ bá físíò ní ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹsẹ̀ náà kí ó tó sọ ohunkóhun.