Kí ẹ tó mú àwọn àgbà ará Gíríìsì jáde, ẹ wo kàlẹ́ńdà wọn

Ìbéèrè: Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Àwọn ará Gíríìsì 12 ló wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹni tí kò tíì pé ọdún 78 nínú wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹta, a kó wọn lọ sí ọgbà ìtura, a sun sọ́séèjì, a sì gbé orin ilẹ̀ wọn sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Màmá kan tó wọ aṣọ dúdú ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Kí la ṣe tí kò dáa, báwo la ó sì ṣe ṣe èyí tó ń bọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má dá ọgbà náà lẹ́bi. Ọjọ́ tí ẹ mú ni kò dáa. Oṣù Kẹta sábà máa ń bọ́ sínú àwẹ̀ ńlá tí ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ìjọ tí ọ̀pọ̀ ará Gíríìsì ń lọ, ń gbà ṣáájú Àjíǹde. Ẹni tó ń gbà á kì í jẹ ẹran, ẹyin, wàrà, wàràkàṣì, tàbí ẹja tó ní egungun ẹ̀yìn. Edé àti kalamari, ẹran inú òkun tí kò ní egungun, kì í ṣe èèwọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwẹ̀ ni Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ inú ọdún, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọjọ́ 1 sí 14 oṣù Kẹjọ, kí àjọ̀dún Panagia, ìyá Jésù, tó dé lọ́jọ́ 15. Òmíràn tún ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù Kọkànlá, ó di Kérésìmesì. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pa á mọ́, àmọ́ ẹni tó ń pa á mọ́ kì í sábà sọ. Á kàn ní ebi ò pa òun ni.

Kàlẹ́ńdà ara ògiri ọ́fíìsì yín ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ní ọdún 2027, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ni Àjíǹde àwọn ìjọ yòókù, ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún sì ni tiwọn. Nígbà tí àwọn aládùúgbò bá ń pín ṣokoléètì Àjíǹde, àwẹ̀ tàwọn èèyàn yín kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ gba kàlẹ́ńdà ìjọ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Gíríìkì tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì fi tádàwà pupa yí àwọn ọjọ́ àwẹ̀ po kí ẹ tó pe onímọ́tò.

Bó bá di dandan kí ẹ jáde lọ́jọ́ àwẹ̀, ẹ se fasolada, ọbẹ̀ ẹ̀wà funfun onítòmátò àti kárọ́ọ̀tì, pẹ̀lú búrẹ́dì àti èso ólífì. Halva tí wọ́n fi yánmọtí ṣe ló máa dùn wọ́n lẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi wọ́n nípa òróró kí ẹ tó sè é, torí àwọn kan kì í fẹnu kàn án. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń lo oògùn kò gbọ́dọ̀ fi ebi jókòó. Ìjọ fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn kúrò nínú àwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àlùfáà ni wọ́n ti máa ń gbà á, kì í ṣe ẹnu wa.

Ẹ̀fọ́ wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa yé yín kíákíá. Vlita ni wọ́n ń pè é: tẹ̀tẹ̀ ni. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á da òróró ólífì àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn kí wọ́n máa já ẹ̀fọ́ fúnra wọn, ìjáde tó dáa sì lèyí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tó bá jẹ́ ọgbà ẹnì kan tí ẹ mọ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n já a lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tàbí ojú irin, wọ́n máa ń fín oògùn apakoríko síbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ̀fọ́ púpọ̀ lójijì lè dín agbára oògùn náà kù. Ẹ bi nọ́ọ̀sì kọ́kọ́.

Fún ìjáde tó ń bọ̀, Oakleigh, àdúgbò kan ní Melbourne, ni mo máa mú: Eaton Mall, níbi tí mọ́tò kì í gbà, tí àwọn ilé kọfí Gíríìkì wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀ ni kó jẹ́, torí òpin ọ̀sẹ̀ máa ń kún ju fún kẹ̀kẹ́ arọ. Ẹ gbéra ní aago 9:30, kọfí ní 10:30, oúnjẹ ní 12:30, kí ẹ sì ti padà sílé ní 2:30, torí wọ́n ní àṣà oorun ọ̀sán. Èèyàn sábà máa ń gbàgbé láti ka ẹ̀rọ tó ń gbé kẹ̀kẹ́ sínú bọ́ọ̀sì mọ́ àkókò: ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní lílọ àti bíbọ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni kí ẹ ti kọ kọfí oníkálukú sílẹ̀: sketos kò ní ṣúgà, metrios ní díẹ̀, glykos dùn gan-an. Ẹnì kan á fẹ́ sanwó fún gbogbo èèyàn. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ ti dójú tì í. Ẹ jẹ́ kó san ti kọfí, kí owó oúnjẹ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé “Màmá” ló máa ń yọ lẹ́nu wa. Lédè Gíríìkì, ìyá tó bíni lọ́mọ ni “mama”, nítorí náà, ẹ fi Kyria pe obìnrin, kí ẹ fi Kyrie pe ọkùnrin: Kyria Eleni, Kyrie Yorgo. “Ne” ni bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá gbé orí sókè díẹ̀, tí wọ́n fi ahọ́n ṣe “ts”, rárá ni. Ó jọ òṣé, àmọ́ kì í ṣe òṣé, ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ bá sì ń ka èèyàn nínú bọ́ọ̀sì, ẹ má na ìka márààrún sí wọn lójú. Èébú burúkú ni, bó ṣe jẹ́ nílé náà.

Ó ku màmá aláṣọ dúdú. Aṣọ nìkan ò sọ gbogbo rẹ̀, torí opó míì ń wọ dúdú títí ayé, ó sì ń jáde. Ẹ pe ọmọ rẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá òkú náà ti pé ogójì ọjọ́. Bí kò bá tíì pé, orin yẹn ló lé e padà. Ohun tó lè fẹ́ ni itẹ́ òkú. Ẹ mú omi àti aṣọ tí ó máa fi nu òkúta dání, òróró ólífì, òwú fìtílà, èédú kékeré àti tùràrí, ìṣáná àti òdòdó. Fìtílà sábà máa ń wà nínú àpótí onígíláàsì lórí sàréè: kó da omi sísàlẹ̀, òróró sókè, kí òwú léfòó. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá kéde pé kò gbọdọ̀ sí iná níta nítorí ooru, fìtílà oníbátìrì ni kí ẹ gbé lọ. Àga tó lè ká ṣe pàtàkì. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, kí ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì fún un ní wákàtí kan gbáko.