Ajá mi ní aràn ọkàn: ṣé dandan ni ká sé e mọ́lé?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ní Amẹ́ríkà là ń gbé. Àyẹ̀wò fi hàn pé ajá wa ní aràn ọkàn. Dókítà ajá níbí ní òun á gún un lábẹ́rẹ́ mẹ́ta, a ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó sáré fún nǹkan bí oṣù márùn-ún. Bẹ́ẹ̀, ara ajá yìí dá ṣáṣá! Ẹ̀gbọ́n mi nílé ní kí n wá ivermectin, oògùn aràn tí wọ́n ń fún màlúù, gún un. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti màlúù sílẹ̀. Ó le jù fún ajá. Bí àwọn ọmọ aràn inú ẹ̀jẹ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ajá lè dákú mọ́ yín lọ́wọ́, àgbà aràn á sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀fọn ló ń kó aràn yìí ran ajá. Aràn náà ń lo oṣù 6 sí 7 kó tó dàgbà. Abo rẹ̀ lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, bíi rúlà ọmọ iléèwé, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń gbé.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Aràn inú ìfun, bó bá kú, á bá ìgbẹ́ jáde. Eléyìí ò rọ́nà jáde. Ńṣe ló máa ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí ẹ̀jẹ̀ á gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró, ara á wá máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Bí ajá bá ń sáré nígbà yẹn, àwọn èérún yẹn lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pa. Èyí tí mo rí tó ń pa ajá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ nìyẹn, kì í ṣe abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀.

Wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní doxycycline, oògùn tó ń pa bakitéríà, fún ọ̀sẹ̀ 4, nítorí bakitéríà kan wà lára aràn náà tí aràn ọ̀hún kò lè ṣe aláìní. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yẹn, ìyẹn melarsomine tó ń pa àgbà aràn, á dá wá ní nǹkan bí ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀, kí díẹ̀ nínú aràn kọ́kọ́ kú. Méjì tó kù á tẹ̀ léra ní ọjọ́ 90 àti 91. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gún un sí, á sì dùn ún.

Àtòní ni kẹ́ ẹ ti fi okùn mú un jáde lọ tọ̀, títí di ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Bó bá wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tàbí tó ń mí gúlegúle, ẹ má dúró dọ̀la kẹ́ ẹ tó gbé e lọ.