Ẹ̀dá-ìtàn tí kò kọ́ṣẹ́, ṣé kó ju dáìsì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń darí eré kan tí oníkálukú ti ń ṣe ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀, tí dáìsì sì ń pinnu bóyá ohun tó fẹ́ ṣe yọrí, tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons fún àwọn ọ̀rẹ́ mi márùn-ún. Nígbàkígbà tí oṣó wa bá fẹ́ ka àmì idán kan, tó sì kùnà, àwọn mẹ́rin tó kù á ní àwọn náà fẹ́ gbìyànjú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn ò kọ́ nǹkan kan nípa idán. Mo máa ń gbà fún wọn, torí dáìsì á kúkú já ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kulẹ̀. Àbí kí n máa fi kún nọ́ńbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ bá?

ÌDÁHÙN: Rárá, ẹ má fi kún un. Ohun tí ẹ gbà gbọ́ nípa dáìsì yẹn gan-an ló yẹ ká tún ṣe, torí òun ló ń ba eré jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ adarí. Dáìsì kì í já aláìmọ̀ kulẹ̀ tí àwọn aláìmọ̀ bá ti pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní nọ́ńbà ìṣòro, ìyẹn DC, jẹ́ 15. Oṣó ìpele kìíní tó ní +3 nínú làákàyè, tó tún ní +2 torí pé ó kọ́ Arcana, ìyẹn ìmọ̀ nípa idán, ti ní +5 láti fi kún ohun tí dáìsì bá fi hàn. Tí dáìsì olójú 20 bá ti fi 10 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yege: ìgbà 55 nínú 100. Jagunjagun tí kò ní àfikún kankan gbọ́dọ̀ rí 15 sókè: ìgbà 30 nínú 100. Ẹ lè ní kò burú. Ṣùgbọ́n kí mẹ́rin irú rẹ̀ jù ú tẹ̀léra, kí gbogbo wọn sì kùnà, nǹkan bí ìgbà 24 péré nínú 100 ni. Ìgbà 76 tó kù, ẹnì kan nínú wọn á kà á. Àwọn mẹ́rin tí kò mọ nǹkan kan ti wá sàn ju ẹni tó kọ́ ọ lọ! Ẹni tó fi àyè sílẹ̀ fún Arcana nígbà tó ń ṣe ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ti ṣòfò, kò sì ní pẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá sọ DC di 20 fún wọn, ẹ ti fìyà jẹ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, torí àìní àfikún yẹn ti jẹ́ ìyà tiwọn tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, àwọn mẹ́rin ọ̀hún á ṣì yege ní nǹkan bí ìgbà 19 nínú 100, nínú ohun tí kò yẹ kí wọ́n lè ṣe rárá.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti 20. Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri pé ẹni tó bá ti ju 20 ti yege, ohun yòówù kó máa ṣe. Kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òfin eré yìí ti ọdún 2014. Nínú ìkọlù ni 20 ti máa ń wọlé láìwo nọ́ńbà. Tó bá di ti ìmọ̀-iṣẹ́, 20 kò ju 20 lọ, pẹ̀lú àfikún tí ẹ̀dá-ìtàn ní. Tí DC bá jẹ́ 25, jagunjagun yín kò lè dé ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jù ú, torí tí 20 bá yọ tí ẹ wá sọ pé kò tó, ìjà ló máa dá sílẹ̀.

Kí dáìsì tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ bi ara yín: ṣé ẹni tí kò kọ́ nǹkan yìí rí lè ṣe é bí orí bá bá a ṣe é? Gígun ògiri, fífetí sí ilẹ̀kùn, bíbẹ ẹ̀ṣọ́: bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n jù ú. Àmì idán, àgádágodo, ẹ̀rọ pàkúté: rárá. Ìwé 2014 yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tó mọ irinṣẹ́ olè lò ló lè ṣí àgádágodo, àti pé ẹni tí kò lè dá iṣẹ́ kan gbìyànjú kò lè bá ẹlòmíràn ṣe é. Gbólóhùn kejì yìí ni ọ̀pọ̀ adarí máa ń fò. Aláìmọ̀ á ní òun ń ran oṣó lọ́wọ́, òfin á wá jẹ́ kí oṣó ju dáìsì méjì, kó mú èyí tó ga, 55 á sì di nǹkan bí 80 lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn eré mìíràn ti là á sílẹ̀. Nínú Pathfinder ẹ̀dà kejì, ẹnikẹ́ni tó bá ní àpò ìtọ́jú lọ́wọ́ lè ṣe ìtọ́jú pàjáwìrì, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ Medicine, ìyẹn ìmọ̀ ìṣègùn, nìkan ló lè wo ọgbẹ́ sàn, tí òun pàápàá bá sì fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kù sí DC, á tún dá kún ọgbẹ́ ọ̀hún ni. Nínú Call of Cthulhu ẹ̀dà keje, gbogbo ènìyàn ló ní ìgbà 30 nínú 100 láti yege nínú First Aid, ìyẹn ìtọ́jú pàjáwìrì, ṣùgbọ́n ìgbà 1 péré ni aláìkọ́ṣẹ́ ní nínú Medicine. Tí dáìsì bá sì fi nọ́ńbà láti 96 dé 100 hàn, ìjàǹbá ni fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ló lè yọrí, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló máa bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ẹ má wá fi èyí pa ẹnu jagunjagun dé o. Ohun tí gbogbo ará ìlú mọ̀ nípa àmì yẹn, pé ti òrìṣà báyìí ni, ẹ sọ ọ́ fún un láìju dáìsì. Tí oṣó bá sì kùnà, ó ti tán nìyẹn, àfi tí nǹkan tuntun bá yọjú. Ẹ yẹ ẹ̀dà ìwé tó wà lọ́wọ́ yín wò, torí òfin máa ń yí láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn kí ẹ tó jókòó eré, kì í ṣe nígbà tí dáìsì ti wà lọ́wọ́ wọn.

Tí kò bá wá sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ kan nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ní ìbàdí ẹ̀ṣọ́, ilẹ̀kùn tí agbára lè fọ́, tàbí ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú tó máa gba owó wúrà kó tó kà á fún wọn.