Kí ẹ tó da developer nù, ojú fíìmù wo ni àmì náà wà?

Arákùnrin wa láti Ṣàgámù, ẹ ní àmì róbótó kéékèèké wà lára nẹ́gẹ́tíìfù tí ẹ ń fọ̀ nílé, àti pé ẹ ti da developer (kẹ́míkà tó ń mú àwòrán jáde lára fíìmù) nù lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀. Ẹ má tíì da ẹ̀kẹta nù. Ẹ gbé fíìmù náà sábẹ́ iná, kí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ojú tó ń dán yóò fi kọ mànà. Bí àmì náà bá wà lójú dídán yẹn, tó funfun bí ẹfun, tí etí rẹ̀ sì hàn ju àárín lọ, omi ló gbẹ sí i lára. Developer kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Èyí tó bá wà nínú àwòrán gan-an, tó mọ́ gaara lórí nẹ́gẹ́tíìfù ṣùgbọ́n tó di dúdú lórí pépà, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀ tí developer kò fi dé ojú fíìmù. Ẹ máa gbá ìdí táǹkì (agolo tí ẹ ń fọ fíìmù nínú rẹ̀) mọ́ tábìlì ní kété tí ẹ bá da developer sí i, àti lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀.

Mo fura sí omi yín jù. Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, omi kànga dẹ̀rọ ilé mi a máa pọ́n díẹ̀ bí ó bá sùn mọ́jú nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo ṣì ń fi ṣan fixer (kẹ́míkà tó ń mú kí àwòrán dúró lára fíìmù) kúrò, láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí ó jẹ́ omi ìkẹyìn tí yóò gbẹ sára fíìmù. Omi inú ọ̀rá tí a ń mu kò yanjú rẹ̀, nítorí pé bí ó tilẹ̀ mọ́ lójú, ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Omi bátìrì, tí wọ́n ti yọ ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ kúrò, ni kí ẹ lọ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò mọ́tò, kí ẹ sì ka ara ìgò rẹ̀ dáadáa, nítorí wọ́n ń ta ásíìdì bátìrì lórí àtẹ kan náà. Ẹ po Photo-Flo (oògùn tó ń jẹ́ kí omi ṣàn kúrò lára fíìmù láì dúró ní kíkán) mílílítà 5 mọ́ lítà 1 rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, òun náà yóò fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀.

Fíìmù tí omi ti gbẹ sí lára yìí ṣeé tún ṣe: ẹ rẹ ẹ́ sínú omi Photo-Flo yìí títí àmì yóò fi rọ̀, kí ẹ gbé e kọ́, kí ẹ má sì fi ìka tàbí aṣọ kan ojú tí kò dán, pàápàá ní àsìkò ooru, nígbà tí ojú náà máa ń rọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi áísì mú gbogbo kẹ́míkà àti omi ìṣàn wá sí ìwọ̀n 24 Sẹ́ḷ́síọ́ọ̀sì (°C) kan náà.

Balùwẹ̀ ni kí ẹ kọ́ ọ sí. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku lè sùn, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má sì wọlé títí fíìmù yóò fi gbẹ.