“Rester”: ṣé ìsinmi ni, àbí nǹkan kan ló kù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ànkárá ni mo ń tà ní Balógun, Lagos Island. Oníbàárà mi kan láti Kútọnu ra ọjà 20,000 sẹ́fà, ó ka 18,000 fún mi, ó ní “il reste deux mille” lédè Faransé. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, mo bá gbé àga fún un. Kí ló ń sọ gan-an?

ÌDÁHÙN: Àga yẹn dára, ìyá wa, àmọ́ gbèsè ló ń jẹ́wọ́: ó ku ẹgbẹ̀rún méjì. “Rest” ti Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ ìsinmi, ló tàn yín jẹ. “Rester” (ẹ pè é ní rẹsté) ni kí nǹkan ṣẹ́ kù, tàbí kí èèyàn dúró síbi tó wà. Ẹni tó bá fẹ́ sinmi á ní “je veux me reposer”.

Yorùbá yín ló máa ràn yín lọ́wọ́ níbí. Tí a bá ní “ó ku mẹ́fà”, “ó” yẹn kò tọ́ka sẹ́nì kankan. Bí “il” náà ṣe rí nìyẹn, kì í yí padà bó ti wù kí ọjà pọ̀ tó. “Il reste six pagnes” ni, ẹ má sọ pé “ils restent”. (Ẹ ṣọ́ra o: pagne kan lẹ́nu wọn, yáàdì méjì ni. Pagne mẹ́fà, yáàdì 12 nìyẹn.) Lọ́jà, wọ́n tiẹ̀ máa ń gbé “il” mì: “reste six”.

Tí ẹ ò bá dárúkọ ọjà mọ́, “en” ló ń dípò rẹ̀: “il m'en reste trois”, ó ku mẹ́ta lọ́wọ́ mi. “Il n'en reste plus”, kò kù mọ́. Àwọn tó ń kọ́ èdè náà sábà máa ń gbàgbé “en” yìí.

Fún ohun tó ti kọjá, ọ̀rọ̀-ìṣe “être” (jẹ́, wà) ló ń bá “rester” rìn: “je suis restée à Lagos”, mo dúró sí Lagos. “J'ai resté” kò tọ̀nà. “E” tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti obìnrin, inú ìwé nìkan ló ti ń hàn.

Tí wọ́n bá sì bi yín pé “vous restez où ?”, ilé yín ni wọ́n ń béèrè. Ará Paris á lo “habiter” (gbé), àmọ́ lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, “rester” náà ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ní ti 2,000 yín, ẹ bi í pé: “Vous payez le reste quand ?” Ìgbà wo lẹ máa san ìyókù?