Ẹ Bi Wá Ká Wí: Orúkọ ìdílé àna mi ní Ítálì ṣọ̀wọ́n, ṣé kò sí nǹkan níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba níbí l'Àkúrẹ́. Ọmọ mi obìnrin tó ti wà ní Ítálì láti bí ọdún mẹ́fà ló pè mí lórí WhatsApp lọ́jọ́sí pé òun ti rí ọkọ, òyìnbó ni, ọmọ ìlú Rimini, orúkọ ìdílé ẹ̀ ń jẹ́ Diotallevi. Mo ní kó sípẹ́lì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi. Èmi ò bá òyìnbó jà o, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nílé tiwa a kì í fọmọ fún ẹni tá ò mọlé ẹ̀, mo wá ní kí àbúrò mi tó mọ kọ̀ǹpútà bá mi wò ó. Ó ní orúkọ náà ṣọ̀wọ́n, pé Rossi Rossi ló kún Ítálì, tiwọn yìí ò pọ̀ rárá, ó tún ní òun kà á níbì kan pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọmọ tí wọ́n bá gbé jù sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àtọjọ́ náà ni mi ò ti rí oorun sùn. Ṣé ìdílé tí kì í bísí ni? Àbí ọmọ tí wọ́n rí he ni baba ńlá wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u. Èmi ni Ìyá Aláṣọ, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìrònú ọmọ. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ń wádìí òyìnbó, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, kí ló dé tá ò ní wolé ká tó fọmọ fún wọn? Àmọ́ àbúrò yín yẹn, ìdajì ọ̀rọ̀ ló kà, ìdajì tó kà ló sì kó jìnnìjìnnì bá yín.

Ẹ jẹ́ ká gé orúkọ náà wẹ́wẹ́ bí ẹní rẹ́ ilá. Dio ni Ọlọ́run lédè wọn. Ti ni ìwọ. Allevi wá láti ara allevare, kéèyàn tọ́ ọmọ, kó fún un lọ́mú, kó máa bọ́ ọ títí á fi dàgbà. Ẹ wá so ó pọ̀: kí Ọlọ́run tọ́ ẹ dàgbà. Àdúrà ni, Mama! Àdúrà tẹ́yin náà ti gbà sórí ọmọ yín lọ́jọ́ tó pé ọjọ́ mẹ́jọ.

Àwọn ará Ítálì ayé ijọ́un, bí ẹgbẹ̀rin ọdún sí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, irú orúkọ báyìí pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní Diotisalvi, kí Ọlọ́run gbà ẹ́ là. Wọ́n ní Diotaiuti, kí Ọlọ́run ràn ẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní Benvenuto, ìyẹn káàbọ̀, tó tumọ̀ sí pé inú wọn dùn pé o wáyé, wọ́n tún ní Bentivoglio, ire ni mo fẹ́ fún ẹ, ìdílé Bentivoglio yìí sì fi ìgbà kan jọba lé gbogbo Bologna lórí kí póòpù tó lé wọn dànù lọ́dún 1506. Ọ̀gá ọ̀mọ̀lé kan tó ń jẹ́ Diotisalvi ló bẹ̀rẹ̀ ilé ìrìbọmi ńlá tó wà ní Pisa lọ́dún 1152, nítòsí ilé gogoro tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí gbogbo ayé ń lọ yà fọ́tò níbẹ̀ yẹn, ó sì kọ orúkọ ara ẹ̀ sára òpó kó má baà di pé ẹlòmíì gba iṣẹ́ ẹ̀. Ọmọ àdúrà ni gbogbo wọn.

Kí ló fa irú orúkọ bẹ́ẹ̀? Ohun tó fa tiwa náà ni. Láyé ìgbà yẹn ọmọ ń kú lọ́wọ́ wọn bó ṣe ń kú lọ́wọ́ àwọn ìyá ìyá wa níbí, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí nǹkan kan, ìyá tó ti sin méjì mẹ́ta tó wá tún gbé òmíì dání, kí lẹ rò pé á máa wí? Ohun tí ìyá tiwa wí náà ló sọ di Dúrójayé, ló sọ di Málọmọ́, ló sọ di Bánjókòó. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé tiwa ń bẹ ọmọ fúnra ẹ̀, tiwọn ń bẹ Ọlọ́run. Ẹ wá wò ó, ẹni tó ń jẹ́ Dúrójayé l'Àkúrẹ́ lónìí, ó lè ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bàbá bàbá ẹ̀ ló ni orúkọ, òun fúnra ẹ̀ lè jẹ́ àkọ́bí tí ọmọ kankan ò kú ṣíwájú ẹ̀ rí. Tó bá wá bẹ̀bẹ̀ fọ́mọ yín, ṣé ẹ máa ní àbíkú ni? Ẹ ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Bí orúkọ ẹnì kan ṣe di ti gbogbo ìdílé ni mo ṣì fẹ́ ṣàlàyé. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí orúkọ ìdílé níbẹ̀, Pietro ni wọ́n ń pe Pietro. Ìgbà tí Pietro wá pọ̀ jù ládùúgbò ni wọ́n tó ń sọ pé Pietro ọmọ Diotallevi, Pietro alágbẹ̀dẹ, Pietro onírun pupa, Pietro ará Lombardy. Nígbà tó yá, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì tó parí ní Trent lọ́dún 1563 pàṣẹ pé ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ máa kọ ìrìbọmi àti ìgbéyàwó sínú ìwé, ohun tí fádà bá sì ti kọ sílẹ̀ fún bàbá, òun náà ni ọmọ ń jẹ, ọmọ ọmọ ń jẹ ẹ́ lọ. Tiwa ò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá èmi tí mò ń kọ èyí, ọmọ Oǹdó ni, ìyá kan bàbá kan lòun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé wọn ò bára mu, ẹ̀gbọ́n gbé orúkọ bàbá wọn lọ sílé ìwé míṣọ́ọ̀nù, nígbà tó kan bàbá mi, tíṣà ní orúkọ yẹn ti gùn jù, ó ní kí lẹ tún ń pe bàbá yín nílé, bó ṣe kọ oríkì bàbá àgbà sínú rẹ́jísítà nìyẹn. Tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà wá tèmi lónìí, wọ́n á ní ó ṣọ̀wọ́n. Ṣé ìdílé wa ò bísí ni? Ẹ wá síbi ìsìnkú wa kẹ́ ẹ wá wo èrò!

Ó wá ku ti ọmọ tí wọ́n gbé jù. Mi ò ní fi pamọ́ fún yín, ó ṣẹlẹ̀ ní Ítálì dáadáa. Nílùú Naples, ilé Annunziata ní nǹkan róbótó onígi kan lára ògiri tó ń yí, wọ́n ń pè é ní ruota, ìyá tí ìyà bá kó sí lórí á wá lóru, á gbé ọmọ sí i, á yí i, ọmọ á bọ́ sínú ilé lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni ò ní rójú ẹ̀. Ọdún 1875 ni wọ́n tó tì í pa. Àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n sọ ní Esposito, ẹni tí wọ́n gbé síta. Ní Róòmù, Proietti ni, ẹni tí wọ́n jù. Ní Milan ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́ Colombo torí ẹyẹlé ni àmì ọsibítù tó ń gbà wọ́n, àmọ́ kì í ṣe gbogbo Colombo o, Christopher Columbus tó wakọ̀ ojú omi dé Amẹ́ríkà, Colombo lòun náà ń jẹ́ ní Genoa nílé bàbá ẹ̀. Ní Florence, Innocenti, látara ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1445, ilé náà ṣì wà lórí ìdúró títí dòní.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí àbúrò yín ò rí. Esposito yìí, ọ̀kan lára àwọn orúkọ tó pọ̀ jù ní gbogbo Ítálì ni! Colombo náà kún Milan bámúbámú. Ọmọ tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ lọ́dọọdún fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mélòó kan, tí gbogbo wọn ń jẹ́ orúkọ kan náà, báwo ni yóò ṣe wá ṣọ̀wọ́n? Torí náà, tó bá jẹ́ pé ṣíṣọ̀wọ́n lẹ fẹ́ fi mọ ọmọ tí wọ́n gbé jù, ọ̀nà òdìkejì lẹ ń wò. Òótọ́ ni pé àwọn ilé wọ̀nyẹn a máa wá orúkọ tó ní Ọlọ́run nínú fún ọmọ nígbà míì, bíi Diodato, tó fẹ́ jọ Olúwafúnmi. Ṣùgbọ́n orúkọ àdúrà ti wà lórí àwọn ọmọ tó ní ìyá tó ní bàbá kí wọ́n tó kọ́ ilé ti Florence yẹn.

Rimini tí ẹ wá dárúkọ yìí, ó dùn mọ́ mi. Rafaeli, ayàwòrán tí wọ́n bí sí Urbino nítòsí ibẹ̀ lọ́dún 1483, ya ìyá Jésù àti ọmọ nínú àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Madonna Diotallevi, Berlin ló wà báyìí. Ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ọwọ́ ìjòyè kan ní Rimini, Diotallevi lórúkọ ìdílé ẹ̀, ni wọ́n ti rà á ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Mi ò sọ pé ìdílé ìjòyè ni àna yín ti wá o, ẹ má lọ máa fi ṣe fáàrí l'Ọ́jà Ọba. Mo kàn ń sọ pé olóyè ti jẹ́ ẹ rí, ẹni tí ò lóyè náà sì lè jẹ ẹ́.

Ó ṣọ̀wọ́n torí pé orísun ẹ̀ ò pọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí abúlé tí ò ní onírun pupa, ìyẹn ni Rossi fi ṣíwájú gbogbo orúkọ ní Ítálì, tí Russo, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn ará gúúsù, fi tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bàbá mélòó ló ń jẹ́ Diotallevi? Díẹ̀ ni, agbègbè kan náà ni wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Nígbà tó tún yá, àwọn èèyàn pa orúkọ àdúrà tì, orúkọ àwọn ẹni mímọ́ lòde, Giovanni, Antonio, Francesco, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe dé ilé ìrìbọmi tá a di Joseph, di Grace. Ẹ fi kún un pé ọ̀nà ọkùnrin nìkan ni orúkọ ìdílé ń gbà, ẹni tó bá bí obìnrin mẹ́fà, ọmọ ẹ̀ pé, orúkọ ẹ̀ ti parí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì kan, Galton àti Watson, ti fi ìṣirò gbé èyí jáde láti ọdún 1874, pé orúkọ lè kú tán lórí ìdílé tó ń bísí dáadáa. Bíi mílíọ̀nù 13 èèyàn ló tún kúrò ní Ítálì láàárín 1880 sí 1915, Ajẹntínà, Bùràsílì, Amẹ́ríkà, orúkọ míì wà tó jẹ́ pé ọ̀hún lọmọ ẹ̀ pọ̀ sí ju ilé lọ.

Tí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ìwé wà. Ní káńsù ìlú tí wọ́n bí ọmọkùnrin náà sí, tí wọ́n ń pè ní comune, ó lè gba estratto di nascita, ìwé ìbí ni. Àwọn ìwé àtijọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, Antenati ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ìyẹn àwọn baba ńlá, ìjọba wọn ló gbé e síbẹ̀. Àmọ́ tèmi ni pé kí ọmọ yín lọ jókòó ti ìyá ọmọkùnrin náà lọ́jọ́ Sunday kan, kó jẹun, kó máa gbọ́ ìtàn, ìyẹn ju ìwé lọ.

Ohun kan tẹ́ ẹ ò bèèrè rèé. Níbẹ̀ obìnrin kì í pa orúkọ bàbá ẹ̀ dà tó bá lọ́kọ, láti ọdún 1975 ni òfin ti ní ó lè fi ti ọkọ kún un, orúkọ ẹ̀ ṣì jẹ́ tiẹ̀. Kọ́ọ̀tù ńlá wọn tún dájọ́ lọ́dún 2022 pé ọmọ tí wọ́n bá bí, orúkọ bàbá àti ti ìyá ni yóò máa jẹ́ pọ̀, àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ fẹnu kò sí ẹyọ kan. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó má fi tiyín sílẹ̀ o, kí wọ́n jọ so ó mọ́ Diotallevi, a á wá wo orúkọ tó máa wá ṣọ̀wọ́n jù ní gbogbo Ítálì.

ÌBÉÈRÈ: Mẹkáníìkì ni mí ní Oǹdó. Wọ́n ní orúkọ èèyàn ni Ferrari, kí ni ìtumọ̀ ẹ̀? Àbí irọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe irọ́. Alágbẹ̀dẹ ni. Ferro ni irin, Ferrari sì ni àwọn alágbẹ̀dẹ. Kò ṣọ̀wọ́n rárá, òun ló tẹ̀ lé Rossi àti Russo, torí kò sí ìlú tí kì í ní alágbẹ̀dẹ. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń pe tiẹ̀, ní gúúsù Ferraro, ní Piedmont Ferrero, àwọn tó ń ṣe Nutella náà nìyẹn, nítòsí Venice Favaro. Enzo Ferrari tó dá ilé iṣẹ́ mọ́tò yẹn sílẹ̀, Modena ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1898, bàbá ẹ̀ tó ń jẹ́ Alfredo sì ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ọmọ Ògún gidi. Ká ní Èkìmọ̀gún ni wọ́n bí i sí, ẹ̀yin mẹkáníìkì ì bá ti mú un lọ síbi ọdún Ògún kó tó mọ̀ọ́ wa mọ́tò.